Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún Lára Àgbá

Mi ò ní sùúrù fún èèyàn. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń ròyìn nǹkan fún mi tí kò lọ tààrà, ẹsẹ̀ mi á ti máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé irin tó fọ́ síwájú mi, mo lè jókòó tì í láti àárọ̀ títí wọ́n á fi wá máa ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí páìpù bá là, bí ọ̀pá irin bá dá, bí àgbá bá bẹ́, èmi ni wọ́n ń kó àfọ́kù rẹ̀ wá bá kí n sọ ohun tó pa á. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń pè mí ní Tọpinpin, nítorí mi ò lè rí nǹkan tó dákẹ́ kí n má tú u wò. Òun ló ra rédíò kan fún mi tí mo tú palẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò nà mí. Ó ní kí n tò ó padà.

Ajórin ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Kì í ṣe ajórin tí ń jó géètì àti fèrèsé o. Àgbá ńlá ńlá ló ń jó, irú èyí tí wọ́n ń fún gáàsì mọ́ nínú. Irin tí wọ́n fi ń ṣe é le gan-an, ó le débi pé wọ́n lè ṣe é fẹ́lẹ́ ju ti àtijọ́ lọ kó sì tún gba agbára jù ú lọ. Ní ilé iṣẹ́ wọn, gbogbo ajórin ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí o bá jó ojú kan tán, wàá fi òòlù tẹ nọ́ńbà rẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kó lè jẹ́ pé bó di ogún ọdún, wọ́n á mọ ọwọ́ tó jó o. Mẹ́tàdínlógún ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló rán mi lọ sí yunifásítì, èmi ni mo sì wá ń gé irin tí àwọn bíi tirẹ̀ jó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àgbá tuntun kan bẹ́ ní ilé iṣẹ́ wọn. Wọn ò tíì fi gáàsì sí i rárá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán an wò ni. Omi ni wọ́n fi ń dán an wò. Wọ́n á rọ omi kún un, wọ́n á wá máa fún omi náà mọ́ ọn nínú títí agbára rẹ̀ á fi ju èyí tí àgbá náà máa gbé lọ́jọ́ iwájú lọ. Àárọ̀ yẹn tutù, omi náà sì tutù. Agbára náà ò tíì dé ibi tó yẹ kó dé tí àgbá fi là láti ìdí dé orí. Àfọ́kù kan tó wúwo ju mọ́tò lọ fò jáde, ó sì gba ara ògiri kọjá.

Ọkùnrin kan wà láàárín àfọ́kù yẹn àti ògiri. Òun ni ẹni tó ń wo géèjì tó ń fi agbára omi náà hàn, ibi tí wọ́n ní kó dúró sí gan-an ló sì dúró sí. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí pé ọgbẹ́ wà nínú ikùn rẹ̀, kì í sì í kánjú jẹun. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi ti jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan, kí ẹ yáa máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, èkejì ń bọ̀. Kó tó di pé wọ́n gbé Jẹ́jẹ́ dé ọsibítù, ó ti dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ló jó ìdí àgbá náà.

Wọ́n ní kó máa lọ ilé ná. “Máa lọ ilé ná” yẹn, ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n gba káàdì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè wò ó lójú, bẹ́ẹ̀ àná ni wọ́n jọ ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí wọ́n kó àfọ́kù náà wá sí yàrá àyẹ̀wò wa, mo lọ bá ọ̀gá mi. Awò-Méjì là ń pè é lẹ́yìn, nítorí awò kan máa ń wà lójú rẹ̀, òmíràn á sì wà lórí irun.

“Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ló jó o. Kò yẹ kó jẹ́ èmi ni màá ṣe é.”

“Mo mọ̀. Ta ni mo tún ní? Ẹnì kejì rẹ ti lọ bímọ.” Ó yọ awò tojú, ó fi tirun rọ́pò rẹ̀. “Ìwọ gé e, ìwọ wò ó. Gbogbo ohun tóo bá rí, èmi náà máa fi ojú mi rí i kóo tó kọ ọ́. Bóo bá purọ́, màá mọ̀.”

“Mi ò ní purọ́, sà.”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn,” ó ní.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi wá sí ilé mi. Ó jókòó sí orí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù, bí ẹni tó wá tọrọ iṣẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé kó tó kí mi, á ti kọ́kọ́ fi irun mi ṣe ẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò wo irun mi rárá.

“Tọpinpin, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀,” ó ní. “Ìwọ lo máa rí i. Ṣé ọwọ́ mi ló pa Jẹ́jẹ́?”

“Bùọ̀dá, mi ò tíì gé irin yẹn rárá.”

“Mo mọ̀. Mi ò ní kóo gbè mí o. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, màá lọ máa jó géètì, ìyẹn ò pa mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀. Mi ò lè máa wo ojú ìyàwó ẹ̀ kí n má mọ̀.”

“Ṣé ẹ ti jó irin rí kó sì là?”

“Èmi?” Ó fẹ́ bínú, ara rẹ̀ tún rọ̀. “Láyé mi, rárá. Ìdí àgbá yẹn, nígbà tí mo jó o tán, ọ̀gá wa pe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Jẹ́jẹ́ ní òun ò mọ̀ bóyá kí òun fi omi dán an wò ni àbí kí òun fi góòlù kùn ún.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ fún un pé màá wá ohun tó fà á rí. Ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, bíi pé mo ń ṣèlérí pé màá bá a ra ọṣẹ bọ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní aago méje àárọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni Màámi ń gbé.

“Ṣé o ti rí i?”

“Mi ò tíì rí i, Màámi.”

“Kí ló ń pẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣebí irin ni, kò kúkú lè sá. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò jẹun o. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀ bí ẹni tó ń kàwé. Jọ̀ọ́, wò ó dáadáa.”

Mo wò ó dáadáa. Bí irin líle bá là lójijì, ó máa ń fi ìlà kéékèèké sílẹ̀ lójú ibi tó là, wọ́n á rí bí ọfà, gbogbo ọfà yẹn á sì dojú kọ ibi tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìka tọ̀ wọ́n láti àfọ́kù kan dé èkejì. Mò ń bẹ̀ wọ́n nínú ọkàn mi. Mo ní kí wọ́n yà sí ibòmíràn, kí wọ́n lọ sí ojú tí ẹlòmíràn jó, kí wọ́n lọ sí àárín irin níbi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Wọn ò yà. Ìdí àgbá ni wọ́n ń lọ. Ibi tí gbogbo wọn parí sí kò fi ìka mẹ́ta jìnnà sí nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé mo sọ ìrètí nù níbẹ̀. Mo ní bóyá irin náà fúnra rẹ̀ ni kò dára láti ibi tí wọ́n ti yọ́ ọ. Mo gé e, mo fọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo wá ìdọ̀tí nínú rẹ̀ títí ojú mi fi ń ro mí. Irin gidi ni. Inú mi bà jẹ́ pé irin náà dára, ẹ tiẹ̀ gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo wá yíjú sí ojú ìjórin ẹ̀gbọ́n mi. Mo gé e, mo dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà bíi dígí, mo gbé e sábẹ́ awò. Kò sí ihò kankan, kò sí ibi tí irin tó yọ́ kò wọlé. Ó ń wù mí láti gbé e kọ́ sí ara ògiri.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti là. Ó kù díẹ̀ kó kan ojú ìjórin náà, nínú irin tí iná rẹ̀ sọ di líle sí i. Àpá kan wà níbẹ̀ tó dúdú díẹ̀, kò ju èékánná lọ. Ó ti là síbẹ̀ kí wọ́n tó fi omi dán an wò rárá. Nígbà tí mo fi ẹ̀rọ awò ńlá wò ó, àwọn hóró irin náà ti jára wọn sílẹ̀, wọ́n dá dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ṣúgà. Mo mọ irú ikú bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Màámi lórí fóònù. Ọ̀pá tí ajórin ń yọ́ sínú irin, ó ní ẹ̀wù kan tó funfun bíi ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀wù yẹn máa ń fa omi mọ́ra. Bó bá gba omi díẹ̀ báyìí, tí iná wá kàn án, omi náà á tú ká, èyí tó fúyẹ́ jù nínú rẹ̀, tí à ń pè ní háídírójìn, á sì bá irin tó ń yọ́ wọlé. Irin rírọ̀ lè gbà á kó má sọ nǹkan kan. Irin líle ò gbà á. Háídírójìn á máa rìn nínú rẹ̀, á kóra jọ sí ibi tó le jù, tó bá di ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo èèyàn ti palẹ̀ mọ́, ibẹ̀ á là láìsí ariwo, ní ìsàlẹ̀ níbi tí ojú ò tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀pá ìjórin sínú ààrò oníná kékeré kan tí wọn kì í pa. Ìdí nìyí náà tí òfin fi ní kí wọ́n dúró fún ọjọ́ méjì gbáko kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ tó ń rán ìró wọ inú irin yẹ̀ ẹ́ wò.

“Omi ni, àbí?” Màámi ní.

“Omi ni. Omi tó kéré gan-an.”

“Ta ló wá da omi sí i?”

“Ohun tí mo ń wá nìyẹn, Màámi.”

“Wá a o,” ó ní. “Ẹ̀gbọ́n ẹ ò lè ṣe irú ẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé bí ọṣẹ bá bọ́ sílẹ̀, á ṣan án kó tó gbé e padà.”

Mo lọ sí ilé iṣẹ́ wọn. Ààrò náà wà ní ẹ̀yìn yàrá ẹrù, kò tóbi ju àpótí aṣọ kan lọ. Iná rẹ̀ dára. Ìwé kan wà lára rẹ̀ tí ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ń kọ bó ṣe gbóná sí, àárọ̀ kan, ìrọ̀lẹ́ kan, oṣù mẹ́rin gbáko láìfo ọjọ́ kan. Ó gbóná bó ṣe yẹ lójoojúmọ́. Mo mú ọ̀pá ìjórin mélòó kan nínú rẹ̀ padà sí yàrá àyẹ̀wò, mo wọ̀n wọ́n, mo yan wọ́n nínú iná, mo tún wọ̀n wọ́n. Wọ́n ti fúyẹ́ sí i. Omi wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ààrò tí wọ́n ti wá ò kúrò lórí iná. Mo padà lọ bá ẹni tó ń tọ́jú ẹrù.

“Ta ló ń ṣí ààrò yìí?”

“Kò sẹ́ni tó ń ṣí i o, bí kò ṣe Mẹ́tàdínlógún. Ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà títí wọ́n fi gbà á lọ́jọ́ tó lọ ilé. Ààrò yẹn, bíi pé òun ló bí i ni.”

Ohun kan wà tó fún mi láyọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i nínú ìwé wọn pé wọn ò dúró fún ọjọ́ méjì. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi jó ìdí àgbá tán, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e ti wà lẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ ń fọn fèrè. Ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ má tíì là nígbà náà. Ẹ̀rọ gbọ́ pé kò sí nǹkan kan, kò sì purọ́. Mo fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé mi. Mo ní mo ti rí àwọn tí màá bá jà. Mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ burúkú tí màá sọ fún wọn ní orí mi, mo sì ń gbádùn rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, Màámi ní kí n sin òun lọ kí ìyàwó Jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá wa lọ. Ó ní tí Tọpinpin bá ti rí i, òun á lọ.

Obìnrin kékeré kan ni, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Yàrá wọn mọ́ tónítóní. Bàtà iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbé omi fún wa, ó jókòó, ó bi wá nípa ẹ̀gbọ́n mi kó tó dáhùn ohun tí a bi òun.

“Ẹ bá mi sọ fún Bùọ̀dá kí wọ́n jẹun,” ó ní. “Mo gbọ́ pé wọn ò jẹun. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò bínú sí wọn. Ta ló tọ́jú ọkọ mi bíi tiwọn? Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ tútù mọ́, gbogbo ohun tó bá máa jẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ olómi, kó sì gbóná. Àwa méjèèjì ń rò ó pé báwo la ṣe máa ṣe é níbi iṣẹ́. Bùọ̀dá ní ká fi sílẹ̀ fún àwọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá a gbé abọ́ oúnjẹ ẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan tó máa ń gbóná níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni inú ò ti dà á láàmú mọ́. Mo máa ń sọ fún un pé kó ṣí ìdérí abọ́ díẹ̀ kí ọbẹ̀ má baà hó dànù.”

Màámi ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ń sọ pé èèyàn rere ni ọmọ òun, èèyàn rere ni. Èmi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Mo fẹ́ kó sọ pé ẹ̀rọ mìíràn ni, pé orí sítóòfù ni, pé oòrùn ni wọ́n ń sá abọ́ náà sí. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ lọ, ó dì mọ́ mi, ó kí mi kú iṣẹ́.

Mo ṣe ohun tí iṣẹ́ mi ní kí n ṣe. Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ọbẹ̀ láti ilé mi, mo ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀, mo gbé e sínú ààrò wa pẹ̀lú ọ̀pá ìjórin tuntun tó gbẹ dáadáa. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ní ọ̀sán ọ̀sán. Gbogbo yàrá àyẹ̀wò ń ta sánsán. Lọ́jọ́ kẹrin, mo wọn ọ̀pá náà, ó ti wúwo díẹ̀ sí i, mo fi jó irin líle kan, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo gé e wò, ó ti là, ní ẹ̀gbẹ́, níbi kan náà gẹ́lẹ́.

Awò-Méjì wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó fi awò kan wò ó, ó fi èkejì wò ó.

“Ṣé mo lè kọ ọ́ pé a ò mọ ibi tí omi náà ti wá?” mo bi í. Ojú ti mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

“Àgbá mẹ́ta mìíràn ni wọ́n ti fi ọ̀pá inú ààrò yẹn jó. Wọ́n ti gbé wọn lọ, àwọn èèyàn sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ti pè wọ́n láàárọ̀ yìí pé kí wọ́n tú gáàsì inú wọn jáde. Wọ́n bi mí pé kí ló dé.” Ó fi ọwọ́ nu ojú. “Kò sí ilé iṣẹ́ tí mo wọ̀ rí tí mi ò bá oúnjẹ nínú ààrò wọn. Èmi náà ti gbé tèmi síbẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Kọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n lọ sọ fún un kó tó kà á.”

Ọjọ́ kejì ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó dé ní ọ̀sán. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gẹ irùngbọ̀n. Kò jókòó.

“O ti rí i.”

“Mo ti rí i, sà.”

“Ṣé ọwọ́ mi ni?”

Ẹ wo bí mo ṣe jẹ́ òmùgọ̀ tó. Mo ti tò ó nínú ọkàn mi pé ìròyìn rere ni màá fi bẹ̀rẹ̀, kí èyí tó kù má baà wọ̀ ọ́ lára jù. Mo fà á lọ sídìí awò.

“Ẹ wò ó. Ojú ìjórin yín nìyí. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí èyí tó dára tó o. Kì í ṣe ibẹ̀ ló ti là. Ọwọ́ yín mọ́.”

Ó wò ó títí. Nígbà tó gbé orí sókè, omi ti kún ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ tí mo mọ̀ láti kékeré. Ó di irun mi mú, ó ní ta ló fi ọkọ́ ya á fún mi báyìí. Kí n tó la ẹnu, ó ti fa fóònù yọ.

“Màámi! Kì í ṣe ọwọ́ mi! Tọpinpin ti rí i! Kì í ṣe ọwọ́ mi o!”

Mo gbọ́ igbe Màámi nínú fóònù náà. Mo ń sọ pé “Bùọ̀dá, ó ku nǹkan kan,” mo sọ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kò gbọ́ mi. Ó pa fóònù, ó nu ojú.

“Ó dáa. Kí wá ni?”

“Omi ni. Ó wà nínú ọ̀pá ìjórin.”

“Ọ̀pá wo? Ọ̀pá inú ààrò mi?” Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Kò ṣeé ṣe. Ààrò yẹn kì í kú. Èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀.”

“Mo wọ̀n wọ́n, Bùọ̀dá.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. “Ẹnì kan ti ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹnì kan ń ṣí i lẹ́yìn mi. Mo ti sọ fún wọn, mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí, pé ààrò yẹn kì í ṣe ohun eré! Tọpinpin, kọ ọ́ síbẹ̀. Kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹni tó bá gbé nǹkan olómi wọ inú ààrò yẹn, òun ló pa Jẹ́jẹ́. Màá wá a rí. Màá mú un lọ́wọ́ lọ síwájú ìyàwó ẹ̀, kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé...”

Ó yẹ kí n dá a dúró. Ó yẹ kí n ti dá a dúró láti ìgbà tó kọ́kọ́ dìde. Tábìlì ni mò ń wò. Ẹni tó tọ́ mi dàgbà ni, kò sí ohun tí mo fi pa mọ́ fún un rí tí kò mọ̀ nípa wíwo ibi tí mò ń wò. Ó dúró sí àárín yàrá.

Ó wá jókòó.

“Oúnjẹ ẹ̀,” ó ní.

Mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀.

“Ọ̀sán nìkan ni. Kì í ju ìdajì wákàtí lọ. Mo máa ń dín iná ẹ̀ kù kí ọbẹ̀ má baà jóná, màá sì dá a padà.” Ó ń bá mi sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan. “Lọ́jọ́ tí mo jó ìdí àgbá yẹn, Jẹ́jẹ́ ní kò tíì gbóná dáadáa. Ó fẹ́ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó mú un wá. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo dá a padà síbẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní tí wọ́n bá dúró fún ọjọ́ méjì ni, ẹ̀rọ ì bá gbọ́ ọ. Mo ní omi tí wọ́n fi dán an wò tutù jù, òtútù sì máa ń jẹ́ kí irin líle tètè là. Mo ní kò sí ilé iṣẹ́ tí wọn ò ti ń ṣe é, ọ̀gá mi pàápàá ti ṣe é rí. Mo fi ìlà pupa mi hàn án nínú ìwé. Ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ìlú òkèèrè.

“Ṣé o máa kọ ọ́?”

“Ó di dandan, Bùọ̀dá. Àgbá mẹ́ta mìíràn wà níta.”

“Kọ ọ́.”

Fóònù rẹ̀ ń dún. Kò gbé e. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, èmi gbé e. Màámi ni. Ayọ̀ ò jẹ́ kó gbọ́ pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti pe ìyàwó Jẹ́jẹ́, òun ti sọ fún un pé kì í ṣe ọwọ́ ọmọ òun, obìnrin náà sunkún, ó dúpẹ́, ó ní kí Bùọ̀dá máa bọ̀ wá kí òun lónìí. Mo ní a ti gbọ́, Màámi. Mo gbé fóònù náà sórí tábìlì.

“Màá bá yín lọ,” mo ní. “Màá jókòó tì yín. Èmi ni màá sọ ọ́ fún un. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan.”

Ó mi orí pé rárá.

“O ò mọ obìnrin yẹn,” ó ní. “Mi ò ní tíì jókòó tán tó fi máa lọ sídìí iná. Á gbé oúnjẹ wá fún mi. Á dúró tì mí, á máa bi mí bóyá ó gbóná tó.”